Àgò Onílé: Ìtàn Ìlẹ̀kùn Káàdì Mẹ́mọ́rì

Ẹ yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkọ̀lé-Èkìtì lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó rí i. Ọmọkùnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí lẹ́tà ojú bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́. Bàbá àgbẹ̀ kan gbé rédíò kékeré lé e lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ apá lọ sóko. Ọmọ náà fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ rédíò, káàdì kan ta jáde, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Baba, kí ni kí n bá yín dà sí i?" Bàbá ní kó bá òun wá orin Elémùré Ògúnyẹmí, kó sì fi ìwàásù díẹ̀ kún un nítorí ìyá ilé. Ọmọ náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí. "Ó ti kún o, Baba. Èwo ni ká yọ níbẹ̀?"

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe orin nìkan ló wà nínú káàdì yẹn. Ohùn àbúrò rẹ̀ tó ti di olóògbé wà níbẹ̀, ẹnì kan ló gbà á sílẹ̀ níbi ìnáwó. "Má fọwọ́ kan ti àbúrò mi o," ló wí. "Yọ fíìmù yẹn."

Ọmọ inú ìsọ̀ yìí kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀rọ kankan kó tó tú gbogbo fódà inú káàdì wò. Bí ẹni tú àpò ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní Ìkọ̀lé kan náà, níbi tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọgbà kejì sí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń kọ áàpù fún fóònù, tó sì fẹ́ kí áàpù náà wọ inú irú káàdì bẹ́ẹ̀, yóò bá ìlẹ̀kùn níbẹ̀, yóò sì bá àgádágodo lára ìlẹ̀kùn. Àfi kó kágò. Àfi kí onílé dáhùn. Báwo ni ìlẹ̀kùn yẹn ṣe débẹ̀? Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ìtàn náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ká tó mọ káàdì

Ìran Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó ọ̀rọ̀ pamọ́. Odù Ifá 256 wà lórí babaláwo, àwọn ẹsẹ tó rọ̀ mọ́ wọn kò lóǹkà. Oríkì ìdílé wà lẹ́nu àwọn obìnrin ilé. Ní Ìrè-Èkìtì tó jẹ́ ìlú Ògún, ìtàn òrìṣà onírin ń ti ẹnu ìran kan bọ́ sí ẹnu ìran mìíràn títí dòní. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni kàn lè ya wọ̀ nínú àwọn ìpamọ́ wọ̀nyí. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ Ifá kò lè dá a, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé kì í sì í sọ pé òun ló mọ oríkì ilé jù. Àrokò ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ gbé owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí wọ́n so pọ̀ lọ́wọ́, ó rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n pa àrokò sí. Ó gbé e, kò ní ẹ̀tọ́ láti tú u. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Nígbà tó yá, ìwé dé. Lọ́dún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ lọ́dún 1877, Àlùfáà Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan sí èkejì. Johnson yìí náà ló kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ó parí rẹ̀ lọ́dún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ìwé àfọwọ́kọ náà sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú lọ́dún 1901, kò fojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù nílé jọ, tó tún ìwé náà kọ, kó tó di pé ó jáde lọ́dún 1921. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ tó kù nílé ni, púpọ̀ nínú ohun tí à ń kà nípa Kírìjì lónìí ì bá ti bá àwọn tó jà á wọlẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé ni àwo orin, lẹ́yìn àwo ni kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́ àwọn ará ilé wa pé ohùn èèyàn ṣe é kì bọ àpò, pé a lè fi orin ránṣẹ́ sọ́mọ ní Èkó bí a ṣe ń fi iṣu ránṣẹ́. Nígbà tí fóònù GSM wá bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní August 2001, tí Econet àti MTN ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé, káàdì kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ fóònù ni síìmù. Orúkọ àti nọ́ńbà ló ń gbà, kì í sì í sábà ju 250 lọ. Síbẹ̀, síìmù ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan: ohun tí fóònù mọ̀ ṣe é yọ kúrò lára fóònù. Fóònù lè bàjẹ́, kí ìrántí rẹ̀ bọ́ sínú fóònù mìíràn.

Láti Jàpáánì wá

Jàpáánì ni iṣẹ́ káàdì mẹ́mọ́rì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1984, Fujio Masuoka, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Toshiba, gbé irú ìpamọ́ kan kalẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, tí iná bá sì lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í bá iná lọ. Iná mànàmáná bíńtín ni wọ́n há mọ́ inú yàrá tíntìntín kan. Bó bá wà níbẹ̀, ó túmọ̀ sí ohun kan, bí kò bá sí, ó túmọ̀ sí òmíràn. Lọ́dún 1987 ni Toshiba gbé irú kejì tí wọ́n ń pè ní NAND jáde, òun ló sì wà nínú káàdì àti fóònù wa títí dòní. Àléébù rẹ̀ kan ni pé gbogbo ìgbà tí a bá pa nǹkan rẹ́ láti kọ òmíràn, ògiri yàrá náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Káàdì ń gbó bí bàtà ṣe ń gbó.

Ilé iṣẹ́ SanDisk gbé káàdì tó ń jẹ́ CompactFlash jáde lọ́dún 1994, òun àti Siemens gbé òmíràn, MMC, jáde lọ́dún 1997. Ní August 1999, SanDisk, Matsushita tó ni Panasonic, àti Toshiba fẹnu kò lórí káàdì tuntun kan, SD. Àṣírí orúkọ yẹn pani lẹ́rìn-ín. S inú rẹ̀ dúró fún ààbò, nítorí wọ́n fi ohun kan sínú káàdì náà tí yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń da orin olórin kọ. Káàdì tí wọ́n dá láti má jẹ́ kí orin ṣe é dà kọ ni ọmọ Ìkọ̀lé wá ń fi da orin kọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́dún 2004, SanDisk pẹ̀lú Motorola dín káàdì náà kù, wọ́n pè é ní TransFlash. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó SD gbà á sọ́dọ̀, ó di microSD: mìlímítà 15 ní gígùn, 11 ní ìbú, 1 ní nínípọn. Ìwọ̀nba mẹ́gábáìtì ni àwọn àkọ́kọ́ ń gbà. Láti 2006, ìlànà tuntun sún un dé gígábáìtì 32. Láti 2009, òmíràn sún un dé tẹrábáìtì 2.

Kí ló mú un gbilẹ̀ lápá àríwá Èkìtì? Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ iná ni, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì sì ni. Ẹni tó wà lóko ní ìhà Ìtàpájì tàbí Ayédùn kò lè máa fi dátà gbọ́ orin láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan lọ́jà, tí wọ́n da orin sí i, orin náà di tirẹ̀ títí káàdì fi máa kú. Káàdì kan náà ń ti inú fóònù bọ́ sínú rédíò, ó ń ti inú rédíò bọ́ sínú ọkọ̀ tó ń ná Ìfàkì sí Ìkọ̀lé. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Kidal, lórílẹ̀-èdè Málì, Christopher Kirkley tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ṣa orin jọ láti inú káàdì mẹ́mọ́rì fóònù àwọn ará ìlú, ó sì ṣe wọ́n ní àwo orin. Orin tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan, inú káàdì ni wọ́n ti bá a.

Oníbéèrè tí kì í rẹ̀

Bí àwọn tó ń kọ áàpù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí káàdì nìyí. Láyé fóònù onítẹ̀mọ́lẹ̀, èdè Java ni ọ̀pọ̀ áàpù fi ń sọ̀rọ̀. Java inú fóònù kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ káàdì rárá. Àfi ìgbà tí àfikún kan tí wọ́n pè ní JSR 75 dé. Áàpù á ní kí fóònù ka orúkọ gbogbo ibi ìpamọ́ tó ní fóun. Lórí ọ̀pọ̀ Nokia, lẹ́tà E ni wọ́n fún káàdì.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe Java bẹ̀rù. Áàpù tí ilé iṣẹ́ ńlá kan kò bá fọwọ́ sí, bó bá fẹ́ ka fáìlì kan, ìbéèrè á yọ lójú fóònù: ṣé kí áàpù yìí ka nǹkan rẹ? O tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Fáìlì kejì, ìbéèrè kejì. Ẹni tó fẹ́ yan fọ́tò kan nínú ogún yóò tẹ bẹ́ẹ̀ ni títí àtàǹpàkò á fi ro ó. Àlejò tó ń kágò lẹ́nu ọ̀nà, tó tún kágò ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tó tún kágò kó tó jókòó, kò ní pẹ́ sú onílé. Bó bá sì sú onílé tán, á máa dáhùn láìwo ẹni tó ń bọ̀. Ìlẹ̀kùn wà lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tó ń gbà á wọlé mọ́.

Ilé tí kò nílẹ̀kùn

Ní ọjọ́ 23 September 2008, Google gbé Android àkọ́kọ́ jáde. Fóònù tó kọ́kọ́ lò ó, HTC Dream, ní ihò microSD, ó sì nílò rẹ̀, nítorí mẹ́gábáìtì 256 péré ni ìpamọ́ inú fóònù fúnra rẹ̀. Ohun tó bá tóbi, káàdì ló ń lọ.

Fún áàpù láyé ìgbà yẹn, àárín ọjà ni káàdì. Ẹni tó ń kọ áàpù á kọ getExternalStorageDirectory, ó ti wọlé nìyẹn. Títí di Android 1.6 lọ́dún 2009, kò sí àṣẹ pàtó kan tí áàpù ní láti tọrọ kó tó kọ nǹkan sí káàdì. Nígbà tí àṣẹ náà dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi hàn ẹni tó ni fóònù, nígbà tó bá ń gbé áàpù sórí fóònù, láàárín ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ti kíkà ohun tó wà nínú káàdì kò tilẹ̀ gba àṣẹ kankan títí di Android 4.4.

Kí ló fà á tí káàdì fi ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èébú kọ́, ìdílé tó ti wá ni. Inú fóònù Android, áàpù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ẹni tó ní yàrá tirẹ̀ nínú agbo ilé; bàbá ilé ò ní jẹ́ kí ẹnìkan wọ yàrá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìlànà FAT ni wọ́n fi ń to nǹkan sínú káàdì, èyí tí Microsoft bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977 fún díìsìkì kọ̀ǹpútà. FAT ń kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀, ó ń kọ bó ṣe tóbi tó, ó ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò kọ ẹni tó ni ín. Lójú FAT, kò sí onílé, kò sí àlejò. Òun náà ló sì jẹ́ kí káàdì kan lè wọ fóònù, kó wọ rédíò, kó wọ kọ̀ǹpútà, nítorí gbogbo ẹ̀rọ ló gbọ́ FAT. Ohun tó mú káàdì rìn jìnnà ló mú kó ṣí sílẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ ni pé áàpù tí a gbé wá kó máa tan iná tọ́ọ̀ṣì lè jókòó ti àwòrán ìyàwó onífóònù. Áàpù tí wọ́n ti yọ kúrò láti ọjọ́ pípẹ́ á fi fódà rẹ̀ sílẹ̀ nínú káàdì bí ayálégbé àtijọ́ tó kó lọ tó fi ẹrù jíjẹrà sílẹ̀.

Ìdàrúdàpọ̀ mìíràn tún wọ inú ọ̀rọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 2011, àwọn fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìní ihò káàdì, síbẹ̀ áàpù àtijọ́ ń bèèrè "ìpamọ́ ìta", orúkọ tí Android fi ń pe káàdì. Google bá gé apá kan nínú ìpamọ́ inú fóònù, ó fi orúkọ ìta pè é. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bèèrè ìta lọ́wọ́ Android, inú ni wọ́n ń mú un lọ. Káàdì gidi ti di ibòmíràn tí kò lórúkọ tó dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti sùn sórí kọ̀ǹpútà nítorí èyí, wọ́n rò pé àwọn ń kọ nǹkan sí káàdì, inú fóònù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Àgádágodo

Ní ìparí October 2013, Android 4.4 dé, ariwo sì ta. Láti ọjọ́ náà, áàpù lásán kò lè kọ ohunkóhun sínú káàdì àyọkúrò mọ́, àfi nínú fódà kan ṣoṣo tí wọ́n fi orúkọ áàpù náà pè. Kò nílò àṣẹ láti wọ yàrá rẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yọjú sí yàrá kejì. Áàpù tí àwọn èèyàn fi ń to fáìlì wọn di arọ lọ́sàn-án kan òru kan. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ni pé bí onífóònù bá yọ áàpù kúrò, fóònù á gbá fódà rẹ̀ dànù pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Nínú Android yẹn kan náà ni wọ́n ti gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀, Storage Access Framework. Áàpù kò ní wọlé fúnra rẹ̀ mọ́. Yóò bẹ fóònù, fóònù á ṣí ojú ìwé kan, onífóònù á fọwọ́ ara rẹ̀ yan fáìlì tó fẹ́ fún un. Android 5.0, lọ́dún 2014, fẹ̀ ẹ́ sí i: onífóònù lè fi odidi fódà kan, títí kan ti inú káàdì, lé áàpù lọ́wọ́. Àṣà ilé wa gan-an ni. Àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àgò onílé o!" Onílé wo ojú rẹ̀, ó ní, "Àgò yà," ó sì júwe yàrá tó lè wọ̀.

Lọ́dún 2015, Android 6.0 ṣe ohun méjì. Èkíní dára: àṣẹ di ohun tí wọ́n ń tọrọ nígbà tí iṣẹ́ bá kan, tí onífóònù sì lè gbà padà. Èkejì kò bá wa mu. Fóònù lè gba káàdì ṣọmọ, kó pa á rẹ́, kó fi àṣírí dí i, kó sọ ọ́ di ara ìpamọ́ inú rẹ̀. Káàdì tó bá ti di ọmọ fóònù báyìí, rédíò kò lè kà á mọ́, fóònù mìíràn kò lè kà á. Fún ẹni tí káàdì rẹ̀ ń lọ sóko láàárọ̀, tó ń wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án, irú ìgbàṣọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí kí wọ́n so ẹyẹlé mọ́ ẹsẹ̀ àga.

Android 10 ti 2019 mú òfin náà wọ inú fóònù fúnra rẹ̀: áàpù kọ̀ọ̀kan mọ àyè rẹ̀. Wọ́n fún àwọn tó ń kọ áàpù ní àkókò díẹ̀ láti múra. Android 11 ti 2020 gba àkókò náà padà. Àṣẹ láti wo gbogbo fáìlì ṣì wà, ṣùgbọ́n ilé ìtajà áàpù Google kì í fọwọ́ sí i fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á. Láti 2022, lórí Android 13, àwòrán, fídíò àti ohùn ní àṣẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí a ṣe ń kágò

Ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀ wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́ fẹ́ kọ áàpù tí yóò máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: oríkì ní Ìrè, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìsàn, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ní Ìdó. Ohùn gígùn máa ń tóbi, fóònù àwọn tí yóò lò ó kò sì láyè. Káàdì ló kù.

Bó bá fẹ́ ibi tí kò gba àṣẹ, kó lo getExternalFilesDirs, kó kíyè sí s tó wà ní ìparí. Fóònù á dá a lóhùn pẹ̀lú ju ibì kan lọ: àkọ́kọ́ jẹ́ ti inú fóònù, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti káàdì, bí káàdì bá wà. Nígbà mìíràn òfìfo ni ìdáhùn kejì, nítorí wọ́n ti yọ káàdì. Áàpù tí kò bá múra sílẹ̀ fún òfìfo á ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fódà yìí ń bá áàpù lọ. Ohùn ìyá àgbà kò yẹ níbẹ̀.

Ohun tí yóò pẹ́, kí onífóònù fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò wà. Áàpù á lo ACTION_OPEN_DOCUMENT_TREE, onífóònù á yan fódà kan nínú káàdì, áàpù á sì tọ́jú àṣẹ náà pẹ̀lú takePersistableUriPermission, kó má baà tún máa kágò lójoojúmọ́ bí ti ayé Java. Kó fi sọ́kàn pé Android 11 kò gbà kí wọ́n fi gbogbo káàdì léni lọ́wọ́ láti orí. Fódà kan nínú rẹ̀ ni onífóònù yóò yàn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ku ti ìwà káàdì. Àlejò ni káàdì jẹ́ nínú fóònù, ó lè dìde nígbàkigbà. Kí áàpù kọ́kọ́ gba ohùn sínú fóònù, kó dà á kọ sí káàdì, kó wò ó bóyá wọ́n dọ́gba, kó tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Kó rántí pé fáìlì kan kò lè ju gígábáìtì 4 lọ lórí FAT32. Kó rántí pé káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ gígábáìtì 64 sí lára tí inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tó ń gba ẹrù bí ẹni pé àyè wà, tó sì ń da ti àtijọ́ nù.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àwa ọmọ Yorùbá. Bí áàpù bá fi "Ọ̀rọ̀" sọ fáìlì kan lórúkọ, ju ọ̀nà kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà "Ọ̀" náà: ó lè kọ Ọ tó ní ààmì ìsàlẹ̀, kó wá fi ààmì ohùn lé e, ó sì lè kọ O lásán, kó so ààmì méjèèjì mọ́ ọn. Lójú wa ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ọ̀nà kan pamọ́, tó wá fi ọ̀nà kejì wá a, yóò sọ pé fáìlì ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Kí áàpù sọ gbogbo orúkọ di irú kan náà kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí àlejò tí yóò rántí èyí fún wa.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ onílé

Àwọn kan ń sọ pé ayé káàdì ti ń parí lọ. iPhone kò ní ihò káàdì láti ọjọ́ tó ti jáde lọ́dún 2007. Samsung yọ ọ́ kúrò lára Galaxy S6 lọ́dún 2015, ó dá a padà sára S7 lọ́dún 2016, ó tún yọ ọ́ lára S21 lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù olówó ńlá ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ará Ìkọ̀lé. Tecno, Infinix àti itel ṣì ń ta èyí tó ní ihò káàdì, rédíò oko sì ń dúró dè é. Ẹni tó bá ń kọ áàpù bí ẹni pé káàdì ti kú, àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń pa tì.

Bí a bá wo ìrìn náà láti òkèèrè, ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà. Nígbà kan, ẹni tó bá kọ áàpù ló ni kọ́kọ́rọ́. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi lé ẹni tó ni fóònù lọ́wọ́. Iṣẹ́ wá le fún ẹni tó ń kọ áàpù, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n kó tó di pé Google dé: ẹni tó gbé àrokò kò ní ẹ̀tọ́ láti tú u. Áàpù ni ìránṣẹ́. Bàbá àgbẹ̀ tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ohùn àbúrò òun, òun ni wọ́n pa àrokò sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé, níbi gbogbo, ẹ kágò kí ẹ tó wọlé, kí ẹ má sì kà á sí ìyà. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe yára dáhùn "Àgò yà" kí ẹ tó wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Tọ́ọ̀ṣì tó ń bèèrè àwòrán yín, ẹ lé e padà. Bí ẹ bá sì ní ohùn ẹnìkan nínú káàdì yín tí ẹ kò lè rí gbà mọ́, ẹ rántí ìwé Johnson. Ẹ da ẹ̀dà kejì kọ lónìí, kí ẹ fi í síbòmíràn.